Ọkọ̀ Òkun Tí Wọ́n Gbálẹ̀ Dè ní Ìwó

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìwó ń retí ọkọ kan tí èmi tí wọ́n ní mo fẹ́ fẹ́ ẹ kò mọ̀ rí. Wọ́n gbálẹ̀ dè é, wọ́n kun ojú ilé dè é, ìyá mi tilẹ̀ ra àwo tangaran tuntun kan, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun nínú rẹ̀ àfi àna òun. Èmi wà l'Ékòó, mo ń ṣe iṣẹ́ mi jẹ́jẹ́, n kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ mí di ìyàwó nílé. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín a máa pa mí títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹ gbà mí gbọ́, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Ààfáà ni, abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Lẹ́yìn Ọlọ́run àti ànábì, ohun tó gbà á lọ́kàn jù láyé yìí ni àmì. Àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sí òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà kéwú, tó ń sọ bí a ó ṣe pe ọ̀rọ̀, bàbá mi lè rí èyí tí ọmọ gbàgbé kí ọmọ náà tó gbé wàláà, pátákó tó fi ń kọ́ kéwú, dé iwájú rẹ̀. Bí àmì kan ṣoṣo bá kù, kò ní bínú, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Á dá wàláà padà fún ọmọ náà, á ní: "Padà lọ fi sí i, kí o mú un wá." Bí ọmọ bá tún gbàgbé lẹ́ẹ̀kejì, ẹgba ni yóò bá a sọ èyí tó kù. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí rẹ̀ jẹ ẹgba náà yó. Gbogbo àwa tí a jókòó lórí ẹní yẹn la mọ gbólóhùn náà sórí, a sì máa ń fi ṣeré láàrin ara wa. Bí ẹnì kan bá se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, a ó ní kó padà lọ fi sí i, kó mú un wá.

Bí mo ṣe dé wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ òkun l'Ékòó, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Mo parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo jókòó sílé títí ìjókòó fi sú mi, ni mo bá lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi l'Ékòó. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà tó ń kó kọ̀ntéénà. Òun ló mú ìròyìn wálé lọ́jọ́ kan pé èbúté tí òun ti ń gbẹ́rù, wọ́n fẹ́ mú un fẹ̀ sí i. Ó ní àwọn ọkọ̀ òkun ayé òde òní ti tóbi ju èyí tí omi ibẹ̀ lè gbà. Èbúté àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń já ẹrù wa sílẹ̀, kí ọkọ̀ kéékèèké tó máa kó o bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá fẹ́ gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kó jìn, kí wọ́n fa ògiri etí omi gùn sí i, kí wọ́n sì ra kíréènì tuntun tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kíréènì náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Èmi tí wọ́n ń kì ní "Ìwó olódò Ọbà" láti kékeré, tí mo sì rò pé kò sí omi tó tún ju odò Ọbà lọ, mo ní èmi gan-an ni wọ́n ń wá.

Inú yàrá kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ wa. Wọ́n gbé àga kan síbẹ̀, àwòrán kọ̀ntéénà sì ń rìn lójú gíláàsì níwájú wa. Níbẹ̀, mo já fáfá, mo sì ń fọ́nnu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun ojúlówó kíréènì ni ojú mi wálẹ̀. Gbogbo súrà tí bàbá mi fi ẹgba kọ́ mi ni mo ké tán kí n tó dé àárín àkàbà, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé kékeré kan ló wà lókè lọ́hùn-ún, gíláàsì ni abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, èèyàn á sì máa wo ìsàlẹ̀ bó wù ú, bó kọ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé òkè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Alihamdulilahi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!" N kò tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tó jẹ́ pé bí mo bá sùn, ọwọ́ mi á máa darí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo wálé fún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni bàbá mi wá pè mí sí iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Kuta. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ti wá láti Kuta, tó sì bọ́ bàtà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

"Ọmọ obìnrin kì í dá wà l'Ékòó báyìí láìlọ́kọ," bàbá mi wí. "Ẹnu àwọn èèyàn ò sinmi. Tó o bá ń bọ̀ ní Iléyá, mú ọkọ wá kí n rí i. Tó ò bá mú ọkọ wá, o ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Wàá jókòó tì mí, ká jọ máa kọ́ àwọn ọmọ yìí."

"Ó parí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì wọ bàtà rẹ̀ padà.

Ọkọ wo ni mo fẹ́ mú wá? Ọ̀kan ṣoṣo tó ń wá mi nígbà náà ti sá. Ó ní obìnrin tó lè gbé kọ̀ntéénà, kí ni kò ní lè gbé. Mo padà s'Ékòó pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, mo sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń kí iṣẹ́ náà pé ó dìgbóṣe.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀ ni ọ̀gá wa pè wá jọ. Ó ní iṣẹ́ ti parí létí omi, ìsàlẹ̀ ti jìn, ògiri ti gùn. Ọkọ̀ ńlá àkọ́kọ́ máa gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Iléyá, irú èyí tí kò wọ ibẹ̀ rí. Àwa mẹ́rin ni wọ́n yàn pé a ó já ẹrù rẹ̀, èmi nìkan ni obìnrin láàrin wa, èmi sì ni n ó kọ́kọ́ gbé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ní bàbá. Nígbà tí mo rántí rẹ̀, mo rò ó pé bóyá bí wọ́n bá gbọ́ nílé bí iṣẹ́ yìí ti tóbi tó, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Fóònù ìyá mi ti já sínú garawa omi nígbà yẹn, kò gbóhùn mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń wọlé. Tèmi náà, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, n kò sì wádìí. Ẹ wo èmi ọmọ alámì! Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Iya mi, oko nla n bo leyin Ileya. E ba mi so fun Baba. E gbadura fun mi."

Ẹni tó ń bá ìyá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ohùn rẹ̀ bíi ti akéde orí rédíò ni, bó bá ń ka iṣẹ́ ẹnì kan, gbogbo àdúgbò ló ń jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oníkáàdì fi tọkọ jẹ́ tèmi. Ẹ kúkú wò ó, lẹ́tà mẹ́ta yẹn lè jẹ́ oko tí à ń ro, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ó lè jẹ́ ọkọ tó ń ro ó, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tó máa kó irè rẹ̀ lọ sọ́jà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti tó ilé ọkọ í lọ, tí Iléyá sì ń súnmọ́lé, èwo ni kó gbọ́ níbẹ̀? Ìyá mi fò sókè, ó ní ọkọ ńlá ń bọ̀.

Ó ní kí oníkáàdì fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí ibi tó ti ń bọ̀. Mo dáhùn pé òkèèrè ni, ó ti gba orí òkun kọjá. Ó bi mí bóyá ó tóbi lóòótọ́. Mo ní ó tóbi gan-an, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ilẹ̀ jìn níbi. Àwọn ará ilé ní ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ti gbẹ́ dè mí yẹn, kódà ilé náà á ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Ó bi mí ohun tó ń kó bọ̀. Mo ní ẹrù rẹpẹtẹ, kò ṣe é kà. Wọ́n ní ìyá mi jó dé iwájú ilé alágbẹ̀dẹ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni oníkáàdì fi ohùn jẹ́jẹ́ kà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn: "Awa merin ni won yan fun un, sugbon emi ni akoko."

Ìyá mi jókòó. Bàbá mi fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà?" ìyá mi bi í.

"Mẹ́rin," bàbá mi wí. "Kò tíì ré kọjá òfin."

"Àbí kò pọ̀ jù?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ní òun ni àkọ́kọ́. Ìyáálé ni."

Ìyẹn ni wọ́n fi tu ara wọn nínú. Ìyá mi fẹ́ kí wọ́n bi mí bóyá mùsùlùmí ni ọkọ náà, bàbá mi ní ó tì, àwọn á bi í fúnra rẹ̀ bó bá dé.

Báyìí ni mo ṣe wọ Ìwó lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Iléyá, tí mo bá ojú ilé wa tó ń dán. Àwọn ọmọ ilé-kéwú tò sábẹ́ igi máńgòrò nínú aṣọ funfun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dé láti Kuta, ó ti bọ́ bàtà. Ìyá mi dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ń wò. Gbogbo wọn ló ń wo ẹ̀yìn mi. Èmi náà bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ajá ló tẹ̀ lé mi.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn, ó ní, "Òun dà?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Ẹni ńlá tó ní òun ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà nípa iṣẹ́ mi ni. "Ó ṣì wà lójú òkun, ẹ̀yin Bàbá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò wá lè wá síbí kí ìwọ tó lọ bá a?"

"Báwo ló ṣe máa dé Ìwó? Kò lè gba inú odò Ọbà kọjá, ó máa há ni."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé wa rọra bi ìyá mi pé, "Ṣé ó wá sanra tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ọkọ̀ tó gùn tó láti ibí dé yídì!"

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. Etí tó ń gbọ́ àmì tí ọmọ fò láti ọ̀nà jíjìn ti gbọ́ nǹkan. "Dúró," ó wí. "Tún ọ̀rọ̀ yẹn pè."

"Èwo, Bàbá?"

"Èyí tó o fi bẹ̀rẹ̀. Pè é díẹ̀díẹ̀."

"Ọ-kọ̀."

Àgbò Iléyá nìkan ló fọhùn. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé fóònù wá. Ó yọ dígí rẹ̀, ó nu ún, ó wọ̀ ọ́, ó wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà pẹ́. Oníkáàdì ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sílé rẹ̀.

"Ó, kí, ó," bàbá mi wí. "Àmì dà?"

Ibẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Mo wo ìyá mi. Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu àwo tangaran náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ti sọ kò yẹ̀, kò sí ọkọ, kò sí Èkó. Ni mo bá sunkún. Èmi tí n kì í sunkún lórí kíréènì bí ìjì bá ń mì í, mo sunkún níwájú àwọn ọmọdé aláṣọ funfun. Mo sọ ọ́ jáde pé n kò tíì fẹ́ ohunkóhun láyé mi bí mo ṣe fẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yẹn bá dé.

Bàbá mi dá mi dúró. "Ìwọ lò ń wa ọkọ̀ náà?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni mò ń wà."

"Tó o bá ṣi ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó lè já lu èèyàn."

"Ìwọ tó o fo àmì lórí lẹ́tà mẹ́ta, ìwọ ni wọ́n gbé ẹrù èèyàn lé lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì mú kí n rí ohun tí mo lè sọ. Mo nu ojú mi. Mo ní, "Bàbá, mi ò kì í fo àmì níbẹ̀. Igun mẹ́rin ni kọ̀ntéénà ní, ìkọ́ mẹ́rin ló ń wọ̀ ọ́. Tí ẹyọ kan ò bá tíì wọlé dáadáa, iná tirẹ̀ ò ní tàn níwájú mi, mi ò sì ní gbé e. Màá dá a padà sílẹ̀, màá tún un ṣe. Ọ̀gá wa máa ń kanra pé mo ti lọ́ra jù. Mo sọ fún un pé ẹgba bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn mi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní ìdí ògiri. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bọ́ dígí rẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó mú ọkọ wá. Ó mú ọkọ̀ wá. Àmì kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀." Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi. "Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹni tó bá fo àmì kan, kí la máa ń sọ fún un?"

Wọn kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí rẹ̀. "Padà lọ fi sí i, kí o mú un wá!"

"O gbọ́ ohun tí wọ́n wí," bàbá mi sọ fún mi. "Padà lọ. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Tó o bá rí èyí tí kò lámì ohùn ìsàlẹ̀, wàá mú òun náà wá."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó, ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ráyè dá a dúró. A jẹ ẹran Iléyá lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹni tó bá kí mi ló ń béèrè ìyáálé àti orogún rẹ̀ mẹ́ta.

Ọkọ̀ náà dé. Láti inú ilé gíláàsì mi lókè ni mo ti rí i tó yọ, tó wá ń súnmọ́ ògiri tuntun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó sì fara kàn án láìsí ariwo. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn níwájú mi. Mo gbé kọ̀ntéénà àkọ́kọ́, mo gbé e kalẹ̀ síbi tó yẹ. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sídìí ògiri, mo wá bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù títí mo fi rí i, mo sì kọ ọ́ sílé: "Bàbá mi, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀."

Ìyá mi ló ròyìn èyí tó kù fún mi. Ó ní oníkáàdì kà á sókè, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà á gbọ́ mọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ àmì kọ̀ọ̀kan, tòkè tìsàlẹ̀, bó ṣe ń ṣe lórí wàláà àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ó pé. Kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo padà rí ọkọ tí kò lámì, olùkọ́ ni, ọmọ Ilé-Ogbó. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ sí mi, gbogbo àmì rẹ̀ ló pé, mo gbé e lọ han bàbá mi, kò sì béèrè ohun mìíràn. Inú àwo tangaran yẹn ló jẹun lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀, ilé-kéwú sì ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé báyìí tún ti ju ti ìgbà náà lọ, wọ́n ní àwọn á tún gbẹ́ omi náà sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ máa ń kanra mọ́ mi pé mo ti lọ́ra jù. Bí iná bá tàn mẹ́ta, tó ku ẹyọ kan, tí wọ́n fẹ́ fi ipá gbé e, mo máa ń gbọ́ ohùn kan tó jáde lẹ́nu mi tí kì í ṣe tèmi, tó ní kí wọ́n padà lọ fi sí i.